Kọ́kọ́rọ́ Pupa

Fóònù mi ni mo gbé lọ ṣe ní Òkè-Fìà,
ẹnu ẹ̀ ni ò gba iná mọ́.
Ríláwàn ní, "Bàbá Gáàdì, ẹ jókòó, yóò pẹ́ díẹ̀,"
ó tan kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ń kùn bí oyin inú agolo.
"Ẹ gbá géèmù yìí wò. Ó dàgbà jù mí lọ.
Gbogbo géèmù oníbọn tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí,
òun ni bàbá wọn."

Ìbọn kẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé e kọ́ èjìká
ní ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo, lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀rọ ti panu mọ́,
tí koríko ti bo ojú irin tí rélùwéè gbà ń wọlé.
Ọdẹ alẹ́ ni wọ́n ń pè mí,
ọdẹ tí kò gbé ẹran wálé rí.

Ojú gíláàsì là. Mi ò rí ẹsẹ̀ mi.
Mi ò rí ikùn tí Ṣìkírátù fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.
Ọwọ́ méjì, ìbọn kan, ó tán.
Nísàlẹ̀ pátápátá, orí ọkùnrin kan ń wọ̀tún, ń wòsì
bí onígbèsè tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.
"Ẹ̀yin nìyẹn," Ríláwàn wí.
Ọlọ́run má jẹ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀.
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, iná tó ń ṣẹ́jú,
omi aláwọ̀ ewé tó dúró sójú kan,
ìró èémí ẹnìkan lẹ́yìn ògiri.
Mo ti rìn níbẹ̀ lóru òjò, tọ́ọ̀ṣì mi ń kú lọ.

Nǹkan kan yọ. Mo ké: "Ta nìyẹn?"
Ṣọ́ọ̀bù dà rú fún ẹ̀rín. Ọmọ kan tó wá fi orin sí fóònù
fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì.
Kí ni wọ́n mọ̀? Ìbéèrè ni ọdẹ alẹ́ máa ń kọ́kọ́ yìn.
Ohun tó yọ kò dáhùn; ó sọ iná lù mí.
Mo kú.
Ríláwàn tẹ nǹkan kan, mo tún dìde,
kò sí ààfáà, kò sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ.

Mo kú lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mọ bí a ṣe ń rìn.
Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe:
mo ń ti ògiri wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn, fèrèsé, kọ̀rọ̀,
bí ẹni tó ń yẹ àgádágodo wò kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ògiri kan gbéra, ó wọ òkè lọ.
Yàrá wà lẹ́yìn ẹ̀, ọta ìbọn kún ibẹ̀ bí àgbàdo.
Ẹ̀rín dá. Ríláwàn sún àga mọ́ mi:
"Láti kékeré ni mo ti ń gbá a. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ń ṣí."

Níwájú, ilẹ̀kùn kan ní òun ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ pupa.
Èmi náà ní kọ́kọ́rọ́ nílé, mẹ́tàlélógún lórí ìṣó kan;
ẹnikẹ́ni ò wá gbà á.

Ọkùnrin kan dúró ti ilẹ̀kùn náà, ó kẹ̀yìn sí mi,
aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ti gbó.
"Ẹ yìn ín, Bàbá! Kì í ṣe èèyàn mọ́.
Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni tẹ́lẹ̀."

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Lóru ọyẹ́ kan mo bèèrè, "Ta nìyẹn?"
òkùnkùn sì dá mi lóhùn: "Èmi ni, Làmídì tó ń wa kéréènì."
Wáyà bàbà wà lọ́rùn ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.
Owó oṣù mẹ́rìndínlógún ni wọ́n jẹ ẹ́.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì.
Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ títí ó fi dé ojú rélùwéè.

Ọkùnrin inú gíláàsì yí padà. Kò ní orúkọ lẹ́nu.
Ó yìnbọn lù mí kí n tó pinnu.

"Fóònù yín ti ń gba iná," Ríláwàn wí.
Mo ní kó jẹ́ kó kún dáadáa.
Kó bá mi tẹ nǹkan ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i.